Píjò Ìgbẹmọ Tí O Ní Kí N Bá Ọ Wò

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                        Adébáyọ̀,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Olúmidé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara yín níbẹ̀? Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Pẹ̀lúmi ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ipò rẹ̀ ga níbi iṣẹ́, bá mi sọ fún un pé mo bá a yọ̀ gidigidi. Oore-ọ̀fẹ́ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú nígbà ọyẹ́ ti dáwọ́ dúró? Ẹ máa fún un ní oyin àti omi gbígbóná, kí ẹ yé rọ oògùn sí ọmọ lẹ́nu bí ẹni ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìbàdàn ńkọ́, ṣé ooru ò tíì bó yín láwọ? Ní tiwa, a dúpẹ́. Orúnkún máa ń dùn mí bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní físíìsì, orúnkún kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ọkọ mi wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O ti pe fóònù mi títí ó fi sú ọ, o sì ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù bíi pé ilé ń jó. Ohun tí o ń bèèrè kò ju kí n sọ pé rà á tàbí má rà á. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù kí n má sunkún, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ẹkún mi, torí o ò ní yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Jókòó, kí o kà á tán kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Kí n sọ òótọ́, nígbà tí o ní kí n bá ọ lọ wo Píjò 404 àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ tà ní Ìgbẹmọ, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní àgbá irin mìíràn tún ti dé nìyẹn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni, pé o máa ń sọ ògbólógbòó mọ́tò di ọ̀tun, àwọn olówó á sì máa wá rà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé Fọ́sìwágìn tí ewéko hù nínú rẹ̀, tí Pẹ̀lúmi ń sá aṣọ lé lórí fún odidi ọdún kan. Síbẹ̀ náà, mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo yá òòfà kan tó ń fa irin nínú yàrá ìwádìí ilé-ìwé wa, mo fi áńkáṣífì wé e kí ó má ba ọ̀dà jẹ́, mo sì bẹ Ìdòwú mẹkáníìkì, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Fájuyì, kí ó bá mi lọ. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a kọ́kọ́ débẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ó fẹ̀yìn ti àpáta ní ọ̀nà oko ìrẹsì. Bàbá Ògúndélé tó kọ́ ọ, ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n nígbà ayé wọn, ọmọ ìjọ Àgùdà pọ́ńbélé, wọ́n sì ti di olóògbé tipẹ́tipẹ́. Ìyàwó wọn, Màmá Ayọ̀níkẹ́, ló kù nínú ilé náà. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ojú wọn mú ju tèmi lọ. Adékúnlé, àkọ́bí wọn, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Adó, òun ni ó gbé fọ́tò mọ́tò náà síta tí o fi rí i. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó tilẹ̀ ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ dè wá.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màmá ti ṣí ilẹ̀kùn tóóró kan fún wa, a sì tẹ̀ lé wọn wọ inú gáréèjì tó ṣókùnkùn biribiri. Òrùlé ibẹ̀ ti tẹ̀ láàárín, ikán sì ti jẹ igi àjà. Mo yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí Ìdòwú létí pé epo tí a jó wá síbẹ̀ ti ṣòfò. Ohun kan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀ ló bo mọ́tò náà láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá di etí rẹ̀ kan mú, wọ́n ní kí n di èkejì mú, a sì ká a.

Háà! Olúmidé, orí mi wú. Ìpẹtà ni mo ti ń retí, àfi bí mo ṣe rí i tí irin bọ́ńpà rẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì padà sí mi lójú. Ọ̀dà rẹ̀ àwọ̀ ewé ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé. Ìrù rẹ̀ méjèèjì nà sókè lẹ́yìn bí ìyẹ́ ẹyẹ. Mo dúró, mo kàn ń wò ó. Mo bi Màmá ní ohun tí wọ́n ń fi pa á, wọ́n ní àdín ni. Bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, wọ́n á ki àkísà bọ inú àdín, wọ́n á fi nu gbogbo ara rẹ̀ títí dé abẹ́ ibi tí ọwọ́ wọn bá lè dé. Ọkọ wọn ló máa ń ṣe é. Nígbà tí ọkọ kú, wọ́n ń bá a lọ. Mo ní nítorí kí ni. Wọ́n wò mí bíi pé mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbálẹ̀.

Kí n má tàn ọ́ jẹ o, ó ní àléébù. Eku ti jẹ gbogbo wáyà rẹ̀ tán, wọ́n sì ti bímọ sínú ìjókòó ẹ̀yìn. Ibi tí awakọ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ti lu, àtẹ́lẹwọ́ mi gba ibẹ̀ kọjá. Omi ti gbà sí abẹ́ búùtù, ó máa fẹ́ kí wọ́n jó irin mọ́ ọn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sì ti gan pátápátá, bíréèkì ló dì í mú. Ṣùgbọ́n mo fi òòfà rìn ín láti iwájú dé ẹ̀yìn bí o ṣe kọ́ mi, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn níbi gbogbo, kò sí pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò irin kankan lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ kò sán. Ẹ́ńjìnnì ló wá kù.

Ìdòwú tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò wọn, ó ní kí a jẹ́ kí ó mu ún. Màmá fún wa ní oúnjẹ, a jẹ, a kó àwo. Nígbà tí a padà, Ìdòwú ki irin tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì bọ iwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò mì. Ó tún tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kérora, mi ò mọ̀ bóyá Ìdòwú ni àbí mọ́tò, ni ẹ́ńjìnnì náà bá yí. Ó yí, Olúmidé! Ìdòwú jókòó sórí ilẹ̀. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń tún Píjò ṣe, òun ò rí èyí tó pẹ́ báyìí nínú òkùnkùn tí ó tún jẹ́ ìpè ọwọ́ rí. Lójú ẹsẹ̀, ọkàn mi ti bá ọ rà á.

Mo wá ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá gáréèjì kí oòrùn wọlé, kí a lè wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Màmá ń ká àpò ìrẹsì wọn. Adékúnlé wúkọ́, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta. Ẹ wá wo nǹkan.”

A yí ilé po dé iwájú. Ilẹ̀kùn onípákó ńlá méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Níwájú rẹ̀ gan-an, ibojì Bàbá Ògúndélé ló nà gbalaja, ó dí ẹnu ọ̀nà náà láti òpó dé òpó. Táìsì funfun ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ya àgbélébùú sí àárín rẹ̀, ó sì ga dé orúnkún mi. Bàbá ló fi ẹnu ara wọn sọ pé bí àwọn bá kú, iwájú mọ́tò àwọn ni kí wọ́n sin àwọn sí. Àwọn ọmọ ṣe bí bàbá ti wí. Ẹkún pọ̀, àlejò pọ̀, kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹni tí wọ́n bá tẹ́ síbẹ̀ kò ní dìde mọ́ fún mọ́tò láti kọjá. Ìgbà tí bíríkìlà lẹ táìsì tó kẹ́yìn ni Adékúnlé tó rí i pé àwọn ti fi bàbá àwọn ti ilẹ̀kùn.

Bí ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi, mà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀. Mo rò ó pé ọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mọ́tò rẹ̀ wà ní inú, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi àdín nu mọ́tò náà láti ọdún dé ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Màmá ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Adékúnlé sì fẹ́ sọ gáréèjì di yàrá ìsàlẹ̀ fún wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe òrùlé tuntun, ó fẹ́ mọ ẹnu ọ̀nà ńlá náà pa, kí ilẹ̀kùn tóóró inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò gbọ́dọ̀ jáde. Àpáta ló wà lẹ́yìn gáréèjì àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ilé fúnra rẹ̀ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà, ó ti bá àwọn tó ń ra irin sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n fi iná gáàsì gé Píjò náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí wọ́n máa kó o gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Ó kàn gbé fọ́tò síta ni bóyá ẹnì kan á mọ ọgbọ́n kan. Bí a bá rí ọgbọ́n kí Sátidé tó pé, o máa rí i rà lódidi. Bí a kò bá rí, ó tán.

Mo ní ṣé a ò lè gbé e gba orí ibojì ni. Adékúnlé ká ọwọ́ lé orí. “Àǹtí! Ọmọ wo l'Ékìtì yìí ló gbé mọ́tò gun orí bàbá ẹ̀? Wọ́n á fi mí kọrin dé Ìkẹ́rẹ́.” Mi ò dá a lẹ́bi. Ní ti kí a ṣí òkú nídìí, ẹnu mi ò tilẹ̀ gbà á láti sọ. Kò sì sẹ́ni nínú gbogbo wa, a kàwé a kàwé, tó rántí láti bi Màmá. Wọ́n jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni o ń pè mí tí mi ò gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ti rí mọ́tò tó dára jù lọ láyé yìí, pé wọ́n máa gé e ní Sátidé?

Lánàá, mo tún lọ. Mo ní kí n kàn yà á ní fọ́tò fún ọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìdòwú bá mi lọ, ó sì gbé táyà mẹ́rin tó ní afẹ́fẹ́ dání. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe, ó ní bí mọ́tò náà bá tilẹ̀ máa kú, kí ó kú lórí ìdúró. Ó wọ̀ wọ́n fún un, ó lu ẹsẹ̀ tó gan títí tí bíréèkì fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn onírin ti dé, wọ́n ti gbé àgbá gáàsì wọn kalẹ̀ sí gbàgede. Adékúnlé bẹ Màmá pé kí wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò títí iṣẹ́ á fi parí, kí ojú wọn má rí i. Màmá ò lọ. Wọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì, wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló dé tí mọ́tò ò lè gba ẹnu ọ̀nà. Adékúnlé wo ilẹ̀, ó ní Bàbá ló wà níbẹ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín. Àní wọ́n rẹ́rìn-ín!

“Ẹ̀yin ọmọ yìí. Sátidé wo ni bàbá yín ò sí lábẹ́ mọ́tò yìí nígbà tí wọ́n wà láyé? Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo máa ń rí. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń gbé àwo usu sí. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, òun lẹ wá ń bẹ̀rù kó tún kọjá lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ẹ gbé e jáde. Èmi ìyàwó wọn ni mo wí. Bí wọ́n bá bínú, èmi náà ò ní í pẹ́ dé ulé ọ̀hún, àwa méjèèjì á jọ sọ ọ́.”

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n a ti ń rò pé àgbà wa ò sí lọ́jà. Adékúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, Màmá ló rán mi o.” Àwọn onírin rẹ́rìn-ín, ẹnì kan nínú wọn sì nu ojú.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adékúnlé ti kó pákó líle àti iyanrìn wá fún iṣẹ́ ilé, a rọ iyanrìn sínú àpò, a tò ó sí iwájú àti ẹ̀yìn ibojì kí ó ga jù ú lọ, a sì tẹ́ pákó láti ìhín dé ọ̀hún bí afárá, kí ìwúwo mọ́tò má bà lé táìsì rárá. Èmi ni mo dúró tì wọ́n tí mo ń wí báyìí báyìí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ físíìsì, ọjọ́ yẹn ló wúlò jù. Kí a tó tẹ́ pákó, Màmá mú ìró òfì wọn kan jáde, wọ́n fi bo táìsì náà, wọ́n ní kí iyanrìn má ba à dà sí ọkọ àwọn lójú.

A yọ ilẹ̀kùn ńlá méjèèjì kúrò lára òpó. Oòrùn wọ inú gáréèjì títí dé ara àpáta. Àwọn onírin fi àgbá gáàsì wọn sílẹ̀, wọ́n wá bá wa ti mọ́tò. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, èmi náà ká ìró mi sókè, mo fi èjìká ti ìrù Píjò náà. Ìdòwú di ọwọ́ ìwakọ̀ mú. Mọ́tò gun pákó, pákó ń ké. Nígbà tó dé òkè pátá, tí gbogbo rẹ̀ wà lókè orí Bàbá, a ń tì í díẹ̀díẹ̀. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n rọra ń fi í kan ara mọ́tò bó ṣe ń kọjá lọ. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí lọ sí àárín gbàgede, ó dúró sínú oòrùn.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ọ. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá lọ dúró. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ṣí fìlà. Èmi tí mo ti ń pè é ní àgbá irin, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fi etí gèlè nu gíláàsì rẹ̀. Olúmidé, rà á. Má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Wá gbé e ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o mú ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ẹ̀yìn pẹrẹsẹ wá, ní ti iye owó rẹ̀, kí ìwọ àti Adékúnlé lọ sọ ọ́ láàárín ara yín. Mo ti ṣèlérí fún Màmá pé bí o bá tún un ṣe tán, o máa wá gbé wọn jáde nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, pé èébì ni mọ́tò náà máa ń mú kí àwọn bì láti ìgbà ọ̀dọ́, pé òórùn epo rẹ̀ ò tíì kúrò ní imú àwọn.

Ohun kan ló kù, kì í sì í ṣe ti mọ́tò. A kó pákó àti iyanrìn kúrò, kò sí táìsì kan tó sán. Gbogbo ènìyàn ti pé jọ sí ìdí Píjò náà. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí Màmá. Wọ́n ti wọ inú gáréèjì tó ṣófo lọ, wọ́n dúró sí ojú ibi tí ọ́ìlì ti ro sílẹ̀, wọ́n kọjú síta. Wọ́n pe Adékúnlé. Wọ́n ní kí ó ṣe òrùlé rẹ̀, kí ó ṣe balùwẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ńlá yẹn, kí ó má mọ ọ́n pa o. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ kí ó gbé ibùsùn àwọn sí, ó kọjú sí ibojì gan-an.

Wọ́n ní, “Kí n máa jí, kí n máa rí wọn.”

Bá mi kí Pẹ̀lúmi, kí o sì fi ẹnu kan Oore-ọ̀fẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ìdòwú ní kí n kí ọ̀gá mọ́tò. Kí Olúwa mú ẹsẹ̀ rẹ délé wa láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnu ṣì ń yà,

Mosúnmọ́lá.